Àwòrán Hàn Kedere, Ohùn Ò Jáde

Ẹ so mọ́nítọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, àwòrán hàn kedere, fíìmù ń lọ, ẹnu àwọn òṣèré ń ṣí, ó ń pa dé, ṣùgbọ́n ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ fa ohùn sókè títí dé 100, kò yàtọ̀. Ẹni tó wà nítòsí á ní sípíkà ti jó nìyẹn. Ẹlòmíràn á ní ẹ lọ fọ́máàtì ẹ̀rọ náà, kí wọ́n fi Windows mìíràn sí i. Ẹni tó bá gbọ́ ti wọn ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Nínú ọ̀pọ̀ irú ọ̀ràn yìí, nǹkan kan ò bàjẹ́. Ohùn ń jáde nínú kọ̀ǹpútà, ibòmíràn ló ń gbà lọ. Tàbí kó má sí ọ̀nà tó lè gbà dé inú mọ́nítọ̀ rárá. Tàbí kó dé ibẹ̀ tán, kí mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ pa á lẹ́nu mọ́. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ò ju pé kéèyàn tọ ipa ohùn náà láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó ti dúró. Ohun tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ lẹ óò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó kan ohun tó ń gba owó tàbí tó lè mú nǹkan mìíràn bàjẹ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ á dà bí àwàdà: ṣé mọ́nítọ̀ yìí tilẹ̀ ní sípíkà nínú? Púpọ̀ nínú mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tò sórí ara wọn ní Computer Village, ní Ìkẹjà, ọ́fíìsì ni wọ́n ti lò ó lókè òkun kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Yàrá tí ogún òṣìṣẹ́ jókòó sí kò fẹ́ ariwo, nítorí náà, àwọn tó ń ra mọ́nítọ̀ fún irú ibẹ̀ kì í sábà béèrè sípíkà. Lára àwọn Dell kan, ẹ óò rí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ etí ìsàlẹ̀. Ohùn kọ́ ló ń gba ibẹ̀ jáde o. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi sípíkà gbọọrọ kan há, èyí tí Dell ń tà lọ́tọ̀, tí kì í sì í sábà bá mọ́nítọ̀ dé ọjà wa. Ihò wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn náà lè tanni jẹ, torí ẹ̀rọ tó ń gbóná gbọ́dọ̀ ní ibi tí ooru ń gbà jáde.

Bí ẹ bá ṣí mẹ́nù mọ́nítọ̀ tí ẹ rí Volume níbẹ̀, ìyẹn náà kò tíì tó ẹ̀rí. Mọ́nítọ̀ tí kò ní sípíkà ṣùgbọ́n tó ní ihò íápíìsì lè ní Volume nínú mẹ́nù rẹ̀. Ohun tó dájú ni nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì tó wà lára sítíkà ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú Google, ẹ wá ìwé àlàyé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é gbé jáde, ẹ wo ìlà Speakers. Bó bá ní in, ẹ óò rí nǹkan bíi 2 x 2 W. Bí wọ́n bá kọ None síbẹ̀, tàbí tí ìlà náà kò sí rárá, kò sí àtúnṣe tó kù láti ṣe. Sípíkà lẹ máa rà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé, “Windows fi orúkọ mọ́nítọ̀ yìí sáàárín àwọn sípíkà, ó gbọ́dọ̀ ní in nígbà náà.” Bí wáyà HDMI tàbí DisplayPort bá ti wọlé báyìí, mọ́nítọ̀ á ròyìn ara rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà: orúkọ mi nìyí, bí ojú mi ṣe fẹ̀ tó nìyí, irú ohùn tí mo lè gbà nìyí. EDID ni wọ́n ń pe ìròyìn kékeré yẹn. Ohun tí kọ̀ǹpútà gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé mọ́nítọ̀ lè gba ohùn. Bóyá sípíkà ni ohùn yẹn máa bá jáde ni o, bóyá ihò íápíìsì lásán ni, kọ̀ǹpútà ò mọ̀. Ìdí nìyí tí Windows fi lè máa fi tọkàntọkàn kọrin sínú mọ́nítọ̀ tí kò ní ẹnu.

Ká gbà pé sípíkà wà níbẹ̀. Wáyà ló kàn.

VGA ni èyí tí orí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù, tí eyín 15 tò sí ìlà mẹ́ta nínú rẹ̀, tí a ń fi sùkúrúù méjì dè mọ́ ihò. IBM ló gbé e jáde ní 1987, àwòrán nìkan ni wọ́n sì ṣe é fún. Kò sí eyín kan nínú rẹ̀ tó ń gbé ohùn. DVI, tí orí tirẹ̀ sábà máa ń funfun, dé ní 1999, àwòrán náà ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. HDMI, tí ètò rẹ̀ jáde ní ìparí 2002, ló kó àwòrán àti ohùn sínú wáyà kan ṣoṣo. DisplayPort tẹ̀ lé e ní 2006, ó lè gbé méjèèjì. USB-C tó bá ń gbé àwòrán lọ sí mọ́nítọ̀ náà lè kó ohùn dání, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ihò USB-C tó wà lára láàpútọ́ọ̀pù ló ń gbé àwòrán.

Ẹni tó bá fi VGA so mọ́nítọ̀, tó wá ń retí ohùn, á retí títí, àyàfi tó bá fa wáyà kejì. Wáyà kejì náà ni èyí tí orí rẹ̀ méjèèjì rí bí orí íápíìsì, mìlímítà 3.5. Ẹ ti orí kan bọ ihò aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn àpótí kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní CPU, tàbí ihò íápíìsì ara láàpútọ́ọ̀pù. Ẹ ti orí kejì bọ mọ́nítọ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹ da mọ́nítọ̀ dojú bolẹ̀ sórí aṣọ tó rọ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí àwọn ihò tò sí. Lára àwọn mọ́nítọ̀ kan, ihò roboto méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n jọra gan-an. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju ìkọ̀wé tí wọ́n gbẹ́ sára ike dúdú lọ, dúdú nínú dúdú, tí ojú ò lè rí bí ẹ ò bá fi iná sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀kan jẹ́ AUDIO IN, tàbí PC AUDIO, tàbí kí wọ́n ya ọfà tó ń wọlé síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ohùn ń gbà wọ inú mọ́nítọ̀. Wọ́n ya àwòrán íápíìsì sára èkejì. Ibẹ̀ ni ohùn ń gbà jáde. Ẹni tó ti wáyà bọ ihò íápíìsì mọ́nítọ̀ ti so ẹnu mọ́ ẹnu. Kọ̀ǹpútà ń sọ jáde, mọ́nítọ̀ ń sọ jáde, kò sí etí láàárín wọn. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé bí nǹkan bá ti wọ ihò íápíìsì, mọ́nítọ̀ sábà máa ń pa sípíkà ara rẹ̀, torí ó gbà pé ẹnì kan fẹ́ gbọ́ ọ létí.

Bó bá jẹ́ ihò íápíìsì nìkan ló wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀ yín, tí kò sí AUDIO IN, ẹ gbàgbé VGA. HDMI, DisplayPort tàbí USB-C tó ń gbé àwòrán ló lè mú ohùn débẹ̀.

Àwọn adápútà kéékèèké tí wọ́n ń kó sínú ọ̀rá tà lójú pópó náà yẹ lọ́rọ̀. Ẹni tí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ ní HDMI nìkan, tí mọ́nítọ̀ rẹ̀ sì ní VGA nìkan, á ra èyí tó ń yí HDMI padà sí VGA. Àwòrán á kọjá, ohùn á dúró sínú adápútà. Èyí tó dára nínú wọn ní ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹ lè fa wáyà ohùn láti ibẹ̀ lọ sí AUDIO IN; èyí tí kò dára kò ní in, iye owó wọn kì í sì í jìnnà síra. Ẹ yí i lọ yí i bọ̀ lọ́wọ́ kí ẹ tó sanwó. Èyí tó ń yí VGA padà sí HDMI tún yàtọ̀: òun ní wáyà USB tó fi ń gba iná, àti wáyà tàbí ihò ohùn tirẹ̀ tó yẹ kí ẹ so mọ́ ihò ewé. Ẹni tí kò bá so ti ohùn á rí HDMI lójú, kò ní gbọ́ ọ létí.

DVI ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn gráfíìkì káàdì kan ń fi ohùn gba ihò DVI bí a bá fi adápútà HDMI sí i, àwọn mìíràn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn GeForce àtijọ́ kan, láyé GeForce 8 àti 9, tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbọ́dọ̀ ti ara bọ́ọ̀dù ńlá wá sára káàdì náà nínú CPU kí ohùn tó lè bá HDMI jáde. Bí ẹni tó to CPU ọ̀hún kò bá so ó, kò sí ohun tí ẹ lè tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù tó máa mú ohùn jáde. Èrò tèmi ni pé bí ihò HDMI gidi bá wà nítòsí, kí ẹ má fi ọjọ́ yín ṣòfò lórí DVI.

Wáyà ti tọ́, ohùn ò tíì jáde. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹjọ́ yìí wà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kan lè ní ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ohùn lè gbà jáde. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Realtek tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀, òun ló ń bójú tó ihò ewé àti sípíkà abẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Òmíràn wà lára gráfíìkì, òun ló ń fi ohùn sínú HDMI àti DisplayPort. Bluetooth ní tirẹ̀, íápíìsì USB náà ní tirẹ̀. Windows á yan ọ̀kan nínú wọn ṣe ààyò. Ó lè jẹ́ èyí tó wọlé kẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ èyí tí ẹ̀yin fúnra yín yàn lọ́jọ́ tí ẹ ṣe ìpàdé orí Zoom, tí ẹ ti gbàgbé. Ẹni tó so mọ́nítọ̀ mọ́ láàpútọ́ọ̀pù á ṣì máa gbọ́ ohùn lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, á rò pé mọ́nítọ̀ ló ya odi. Tẹni tó ń lo CPU, tí kò so nǹkan kan mọ́ ihò ewé, ló le jù. Kò gbọ́ níbì kankan, bẹ́ẹ̀ ohùn ń dà sínú ihò tó ṣófo láti àárọ̀.

Nínú Windows 11, ẹ tẹ àmì sípíkà tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Àpótí kékeré kan á yọ, ìlà tí ẹ fi ń fa ohùn sókè sódò wà níbẹ̀, àmì kékeré kan sì wà ní ìpẹ̀kun ìlà náà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ń lo Windows 11 tipẹ́tipẹ́ tí wọn ò tẹ àmì yẹn rí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, gbogbo ibi tí ohùn lè gbà jáde á tò síbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ Windows, Ctrl àti V pa pọ̀, ibẹ̀ náà lẹ óò bá ara yín. Nínú Windows 10, orúkọ tó wà lókè ìlà ohùn lẹ óò tẹ̀. Ẹ má wá ọ̀rọ̀ náà Monitor nínú àwọn orúkọ yìí o. Nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì ara sítíkà ẹ̀yìn ló sábà máa ń wà níbẹ̀, tí NVIDIA High Definition Audio, Intel Display Audio tàbí AMD High Definition Audio á tẹ̀ lé e. Òun ni kí ẹ yàn.

Bí orúkọ náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ mmsys.cpl sínú àpótí tó yọ, ẹ tẹ Enter. Fèrèsé àtijọ́ kan á ṣí, ó ti wà láti ayé Windows ìgbà tó ti pẹ́, èmi fúnra mi sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo èyí tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ẹ dúró sí Playback. Ẹ gbé máòsì sórí ibi tó ṣófo, ẹ tẹ bọ́tìnì ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kí ẹ sì fàmì sí Show Disabled Devices. Bí ẹnì kan bá ti pa mọ́nítọ̀ náà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, orúkọ rẹ̀ á yọ ní ràkọ̀ràkọ̀, bí ẹni tí iná kú lójú rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì ọwọ́ ọ̀tún lé e, Enable; ẹ tún tẹ̀ ẹ́, Set as Default Device.

Ẹ má tíì pa fèrèsé yìí. Ẹ fi orin kan sílẹ̀ kó máa lọ, kí ẹ wá wo ọwọ́ ọ̀tún orúkọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ kan tò síbẹ̀ lórí ara wọn, wọ́n sì ń di àwọ̀ ewé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ohùn bá ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìlù á dún, wọ́n á fò sókè, olórin á mí, wọ́n á wálẹ̀. Mi ò rí ohun mìíràn nínú Windows tó ń sòótọ́ lórí ọ̀rọ̀ ohùn tó wọn. Bí wọ́n bá ń fò níwájú orúkọ mọ́nítọ̀, kọ̀ǹpútà ti ń rán ohùn lọ, kò jẹ̀bi. Ẹ gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ wáyà àti mọ́nítọ̀. Bí wọ́n bá ń fò níwájú Realtek, ibi tí ohùn sá lọ nìyẹn, ẹ sì ti mọ bí ẹ ṣe máa dá a padà. Bí wọn ò bá fò níbì kankan, ètò tó ń kọrin gan-an ni kí ẹ bi léèrè: ṣé ẹ pa ohùn ojú ewé náà nínú Chrome ni, àbí VLC wà ní òdo? Zoom àti Teams máa ń yan sípíkà tara wọn láìwo ti Windows, Volume mixer inú Settings náà sì lè so ètò kan mọ́ ibì kan, kí gbogbo ìyókù máa gba ibòmíràn.

Ti Mac rọrùn: System Settings, Sound, Output, ẹ yan mọ́nítọ̀. Àmọ́ ohun kan wà tó ń dẹ́rù ba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Mac. Bí ohùn bá ti ń gba HDMI tàbí DisplayPort, bọ́tìnì ohùn orí kíbọ́ọ̀dù sábà máa ń kọ̀, kò ní gbé e sókè, kò ní mú un wálẹ̀. Kò bàjẹ́. Bọ́tìnì ara mọ́nítọ̀ lẹ óò máa lò. Àwọn tó ń lo Linux lè ṣí pavucontrol, kí wọ́n lọ sí Configuration, kí wọ́n yí gráfíìkì sí Digital Stereo ti HDMI.

Ó kan mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀. Abẹ́ etí ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni bọ́tìnì rẹ̀ sábà máa ń wà. Àwọn tuntun ní ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹ lè tì sókè, sódò, sósì, sọ́tùn-ún. Ẹ ṣí mẹ́nù, ẹ wá Audio tàbí Sound. Ẹ wo Volume bóyá òdo ló wà, ẹ wo Mute. Lẹ́yìn náà ni ẹ wo Audio Source tàbí Audio Input, èyí tí àwọn èèyàn kì í sábà fọwọ́ kàn. Mọ́nítọ̀ tó ní AUDIO IN àti HDMI pọ̀ kì í mọ èyí tó yẹ kó tẹ́tí sí bí wọn ò bá sọ fún un. Ẹni tó ń lo HDMI, tí Audio Source rẹ̀ sì wà ní PC tàbí Audio In, ihò tí kò sí wáyà nínú rẹ̀ ni mọ́nítọ̀ rẹ̀ ń tẹ́tí sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó ń lo VGA pẹ̀lú wáyà kejì, tí Audio Source wà ní HDMI. Tòkunbọ̀ ló sábà máa ń ṣe báyìí, torí ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó yàn ló ṣì wà nínú rẹ̀. Factory Reset á nu gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ kàn mọ̀ pé yóò nu iná àti àwọ̀ tí ẹ ti tò sójú rẹ̀ náà.

Ẹ má gbàgbé ihò íápíìsì níbẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń yẹ̀ bí orí íápíìsì bá wọlé, òun ló ń sọ fún mọ́nítọ̀ pé kó pa sípíkà. Bí irin yẹn bá há, tàbí tí orí íápíìsì kan kán sínú rẹ̀, mọ́nítọ̀ á máa rò pé íápíìsì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ti orí íápíìsì tó dáa bọ̀ ọ́, ẹ fà á yọ, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń tú u sílẹ̀.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí ló tọ́. Ó ṣiṣẹ́ lánàá, ó dákẹ́ lónìí, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí NEPA bá mú iná lọ, tó dá a padà, tó tún mú un lọ, mọ́nítọ̀ àti kọ̀ǹpútà lè má parí ìròyìn tí wọ́n ń ṣe fún ara wọn. Àwòrán á padà, ti ohùn á já sọ́nà. Ó tún lè ṣẹlẹ̀ bí kọ̀ǹpútà bá jí lójú oorun. Bọ́tìnì pípa nìkan kò tó láti tún èyí ṣe, torí bí iná kékeré aláwọ̀ ọsàn bá ṣì ń tàn lára mọ́nítọ̀, kò tíì sùn tán. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì mọ́nítọ̀ kúrò lára ògiri, ẹ yọ wáyà HDMI lórí méjèèjì, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ dá wáyà padà, ẹ tan mọ́nítọ̀ ṣíwájú, kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà. Bí ẹ kò bá lè pa iṣẹ́ tó wà lójú rẹ̀, Windows, Ctrl, Shift àti B tí ẹ bá tẹ̀ pa pọ̀ á jí gráfíìkì nìkan. Ojú mọ́nítọ̀ á ṣú díẹ̀, á sì tún mọ́lẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn.

Bó bá ṣì dákẹ́, ẹ mú ẹlẹ́rìí wá. Ẹ yọ HDMI kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ so ó mọ́ dikódà tàbí láàpútọ́ọ̀pù ẹlòmíràn. Bí mọ́nítọ̀ bá fọhùn, kọ̀ǹpútà yín ni kí ẹ tún padà sí. Bí kò bá fọhùn, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín àti wáyà kan náà lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n inú pálọ̀. Bí ohùn bá jáde níbẹ̀, kọ̀ǹpútà àti wáyà bọ́ nínú ẹjọ́, mọ́nítọ̀ ló kù. Àyẹ̀wò yìí kò gba owó, kì í pẹ́, ó sì ń pa gbogbo àríyànjiyàn. Ó ń yà mí lẹ́nu pé ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti fọ́máàtì tán ni àwọn kan tó ń rántí rẹ̀.

Ìgbà tí ẹ bá ti mọ̀ dájú pé kọ̀ǹpútà ló jẹ̀bi ni ọ̀rọ̀ dráífà tó kàn. Ẹ tẹ bọ́tìnì ọwọ́ ọ̀tún máòsì lé àmì Windows, ẹ yan Device Manager, ẹ ṣí Sound, video and game controllers. Bí àmì ìyanu lórí àwọ̀ ìyeyè bá wà lára ọ̀kan níbẹ̀, ẹ ti rí i. Ẹ yan Uninstall device, ẹ tan kọ̀ǹpútà padà, Windows á fi òmíràn síbẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tó, ọ̀dọ̀ NVIDIA, Intel tàbí AMD gan-an ni kí ẹ ti gba dráífà gráfíìkì, torí òun ló ń gbé ti ohùn HDMI dání. Gbígba ti Realtek kò ní ran HDMI lọ́wọ́. Ẹ tún padà sí mmsys.cpl, ẹ tẹ orúkọ mọ́nítọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Advanced. Bó bá jẹ́ 192000 Hz ló wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 16 bit, 48000 Hz, tí ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ń gbà láìjanpata.

Bó bá jẹ́ mọ́nítọ̀ ló jẹ̀bi, tí mẹ́nù rẹ̀ sì tọ́, sípíkà tàbí ohun tó ń fún un lágbára ti lọ nìyẹn. Iná tó ya wọlé lójijì lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí náà lè ṣe é. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi sùkúrúdíráfà ṣí i nílé. Bọ́ọ̀dù tó ń gba iná láti ara ògiri wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, iná sì lè dúró sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ pulọ́ọ̀gì. Bẹ́ẹ̀, sípíkà tí a ń torí rẹ̀ ṣe wàhálà yìí kò ju wáàtì kan sí mẹ́ta lọ lára púpọ̀ wọn, ó kọ ojú sí ògiri tàbí tábìlì, ìlù bàtá inú rẹ̀ á sì máa dún bí ẹní ń kan páálí.

Èyí tí yóò rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ ra sípíkà kékeré tó ń gba iná USB, tí ohùn rẹ̀ ń gba wáyà 3.5 wọlé. Ẹ lè so ó mọ́ ihò ewé, kí ẹ dá Windows padà sí Realtek. Bí ihò íápíìsì mọ́nítọ̀ yín bá ṣì dára, ibẹ̀ ni kí ẹ ti í bọ̀: HDMI á ṣì máa gbé ohùn wá bó ṣe ń gbé e wá tẹ́lẹ̀, bọ́tìnì ara mọ́nítọ̀ á sì máa gbé e sókè sódò, ì báà jẹ́ láàpútọ́ọ̀pù, ì báà jẹ́ dikódà lẹ so mọ́ ọn.